Ayùn Tó Sọ Etígi Di Ènìyàn

Ní ẹ̀bá ìlú kan, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí tí erùpẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìlagi kan wà tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò gbọ́ ara wọn. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Etígi. Kì í wọ́ igi, kì í to pákó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yẹ ìtì igi wò kí ayùn tó kàn án.

Igi a máa gbé irin mì. Ẹnìkan lè kan ìṣó mọ́ igi lónìí láti fi so okùn aṣọ mọ́ ọn. Tí ó bá di ogún ọdún, èèpo igi á ti bo ìṣó náà mọ́lẹ̀, ẹni tó kàn án á sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ayùn kò ní gbàgbé bá a. Ayùn ilé ìlagi yẹn gùn, ó yí po bí ìgbànú, eyín rẹ̀ lé ní igba, ẹ́ńjìnnì a sì máa yí i kíkankíkan débi tí ojú kò lè tẹ̀ lé e. Bí irú ayùn bẹ́ẹ̀ bá pàdé ìṣó, yóò já, yóò fò, ẹni tó bá sì bá lọ́nà, kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá aṣọ dúdú.

Nítorí náà, òfin kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jọ ń bẹ̀rù: ìtì tí Etígi kò bá fi ṣọ́ọ̀kì funfun sí, ayùn kò gbọdọ̀ kàn án. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èèpo igi, á fi ẹ̀yìn àáké gbá a, á dẹ etí. Níbi tí irin bá wà, á fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí i ká. Fún ọdún márùn-ún, kò ṣìnà rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá Ariwo ni ọ̀gá tó ń darí ayùn. Ẹ́ńjìnnì ti jẹ etí rẹ̀ tó ìdajì, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ igbe ni, títí dórí ẹ káàárọ̀.

"Etígi!" á kígbe, "wá fi etí sí orí mi, kó o gbọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀!"

"Mo ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà, Bàbá," Etígi á dá a lóhùn. "Àgbá òfìfo ni."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Bàbá Ariwo náà á rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ.

Kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ti rí irú etí bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n bi í, ì bá ti dákẹ́, nítorí iwin ni Etígi. Inú igi ńlá kan ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, nínú igbó tí ó tó ìrìn ìdajì ọjọ́ sí ìlú náà. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ènìyàn, àfi pé ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá sínú igbó wá tún ayùn àwọn agégi ṣe. Ọkùnrin náà jókòó sórí kùkùté, ó ń fi fáìlì pọ́n eyín ayùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń súfèé. Ìfé náà kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe gbé ọkùnrin náà lọ, Etígi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e wọ ìlú, ó sì wá iṣẹ́ sí ibi tí yóò ti máa gbọ́ ìfé yẹn lójoojúmọ́.

Apọ́nyùn ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, kò sì tíì gbéyàwó. "Apọ́nyùn tún jẹ́ àpọ́n," ni Bàbá Ariwo máa ń wí, "iṣẹ́ méjèèjì ló sì mọ̀ dájú!" Lẹ́yìn ilé ẹ́ńjìnnì ni búkà rẹ̀ wà, níbi tí ó ti ń pọ́n ayùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ òun àti Etígi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́. Ọkùnrin kan ń la igi ìdáná lágbàlá, orí àáké rẹ̀ fò yọ kúrò nínú igi rẹ̀, ó sì bọ́ sí Etígi lójúgun. Ó wọlé dé egungun. Àwọn ènìyàn figbe ta. Apọ́nyùn ló súnmọ́ ọn jù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ náà, ó ń retí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò wá. Oje funfun ni ó ń sun jáde láàárín ìka rẹ̀, ó ki, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Apọ́nyùn gbé ojú sókè wò ó. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé ẹsẹ̀ náà kíákíá.

"Kò wọlé!" ó kígbe sí àwọn tó ń bọ̀. "Ó kàn bó o lára ni. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Nígbà tó mú un dé búkà rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ni ẹ́?"

"Iwin ni mí."

Apọ́nyùn rò ó díẹ̀. "Abájọ. Ọdún márùn-ún, n kò gbọ́ kó o sọ pé ẹ̀yìn ń ro ẹ́ rí."

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù obìnrin ti ń bà mí kí n tó mọ̀ pé iwin wà."

Etígi rẹ́rìn-ín títí tí oje fi tún sun. Láti ọjọ́ náà, inú búkà yẹn ni wọ́n ti jọ ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán. Kí ọdún tó yípo, Apọ́nyùn ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Inú Etígi dùn fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, ó rí i tí Apọ́nyùn gbé eyín ayùn súnmọ́ ojú, tí ó tún gbé e jìnnà, tí ó ń ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Wàá darúgbó," ó ní.

"Gbogbo ẹni tí kò bá kú ní kékeré ló ń darúgbó."

"Wàá sì kú. Èmi ò ní kú. Igi mi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, màá lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, o ò sì ní sí nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ di ènìyàn. Mo fẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ lára, kí n máa gbó bó o ṣe ń gbó."

Bí Etígi ṣe padà sínú igbó lọ bá ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ jáde láti inú igi tirẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dé òpin. Kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ọ̀nà wà," ó ní. "Ènìyàn ni yóò gé igi rẹ, ènìyàn ni yóò gbé e gba ọ̀nà ènìyàn lọ, ayùn ènìyàn ni yóò sì là á láàárín láti ìdí dé orí. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í là á, kí oòrùn má wọ̀ kí wọ́n tó parí. Bí oòrùn bá wọ̀ tó sì ṣẹ́ kù ìwọ̀n ìka kan, o ti tán. O ò ní í jẹ́ iwin, o ò ní í jẹ́ ènìyàn, igi ìdáná lo máa jẹ́."

"Ṣé yóò dùn mí, Màmá?"

"Eyín mélòó ni ayùn náà ní?"

"Ó lé ní igba."

"Wàá mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin já jáde láti ẹ̀yìn igi. Ó ti dúró, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Iwin tó síngbọnlẹ̀ ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Apọ́nyùn!" ó ní. "Nínú gbogbo ènìyàn ayé, ẹni tó ń pọ́n ayùn lo lọ fẹ́. Ṣé o mọ̀ pé kò sí igi kan tó wó nínú igbó yìí tí kì í ṣe eyín tí ọwọ́ ẹ̀ pọ́n ló wó o?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Kí lo fẹ́ fi ikú ṣe? Wàá lọ kú lọ́dọ̀ wọn, àwa á dúró síbí, a ò ní lè kú, a ò sì ní lè rí ẹ mọ́. Ṣé o ro ìyẹn?"

"Mo rò ó."

Ó fọ́ ọ létí. Etígi ṣubú lu gbòǹgbò, kí ó tó dìde ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di apá rẹ̀ mú, ó yí i, ó sì ṣẹ́ ẹ gbàù bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń sunkún bó ṣe ń lù ú, ó ń wí pé, "Sọ pé o ò lọ mọ́! Sọ ọ́!" Etígi kò sọ ọ́. Ó fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó fi eyín gbá etí rẹ̀ mú, ó fà á ya, ó tu ú sílẹ̀. Oje funfun bo àwọn méjèèjì lójú. Ẹ̀ka igi ni ìyá wọn fi là wọ́n, ó na àwọn méjèèjì dọ́gbadọ́gba títí wọ́n fi jáwọ́.

Láti ìgbà tí Etígi ti dáyé, "ẹ" ni ó ń fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ó nu ẹnu, ó sì sọ fún un pé, "Ìwọ kọ́ ni wàá sọ fún mi bí màá ṣe gbé ayé mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà ju etí tó ya lọ.

"Bí kì í bá ṣe ti òfin," ó wí jẹ́jẹ́, "ǹ bá ti lọ fún Apọ́nyùn lọ́rùn lónìí." Nítorí iwin tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ènìyàn, igi rẹ̀ yóò gbẹ, òun náà yóò sì gbẹ. "Ṣùgbọ́n òfin ò de irin."

Etígi gbọ́ gbólóhùn yẹn. Inú tó ń bí i kò jẹ́ kí ó gbé e yẹ̀ wò.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta apá rẹ̀ ti jinná, bí ara iwin ṣe máa ń jinná. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Apọ́nyùn mú àwọn agégi méjì lọ sínú igbó, ó ní igi tí òun yóò fi kọ́lé ìyàwó ni òun ń wá. Etígi dúró sí ilé ìlagi. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bó ṣe ń gbá ìtì kan wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lójijì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, kò sì lè dìde mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Apọ́nyùn padà wá sọ fún un pé aago mẹ́wàá náà ni igi wó, pé gbogbo rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, pé kò sí ẹni tó dí wọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an kọ wọ́n lóminú.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa la igi náà, Etígi dé ilé ìlagi kí oòrùn tó ràn. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀, ó ga dé àyà ènìyàn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó fi ẹ̀yìn àáké gbá a, ó dẹ etí.

Ohun tó gbọ́ ni ọkàn ara rẹ̀ tó ń lù. Ó rìn dé àárín, ó tún gbá a. Ọkàn rẹ̀ ló tún gbọ́. Níbi gbogbo tó fi etí sí, ìlù kan náà ló ń dún, kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú kì í rí ipàkọ́ ara rẹ̀. Ó mọ èyí. Ó yẹ kí ó pe ẹlòmíràn kí onítọ̀hún fi ojú àti òòlù yẹ igi náà wò, bó tilẹ̀ máa gba àárọ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń yọ, ẹni tó bá sì pè yóò bi í léèrè ìdí tí Etígi kò fi gbọ́ igi lónìí. Ojú tì í. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé inú ara òun ni, pé bí irin bá wà níbẹ̀ òun yóò ti mọ̀.

Ó fa ṣọ́ọ̀kì funfun sí i lórí.

Wọ́n yí ìtì náà sórí kẹ̀kẹ́ irin tó máa ń gbé igi lọ bá ayùn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò fẹ́ dún. Wọ́n tú u, wọ́n tò ó, Bàbá Ariwo bú u tìran-tìran, ó di ọ̀sán kí ó tó gbà. Apọ́nyùn wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ayùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe bí ayùn bá jẹ́ tuntun: á dúró tì í ní ìlà àkọ́kọ́, á máa gbọ́ bó ṣe ń jẹun. Etígi jókòó sórí òkìtì èérún pákó, ó fi eyín di ìrépé aṣọ mú.

Ayùn kan ìdí igi. Etígi sì mọ eyín àkọ́kọ́.

Ó mọ èkejì. Ó mọ ìkẹta. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là, ojúgun rẹ̀ là, ó ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ya nínú egungun rẹ̀, aṣọ tó fi sẹ́nu kò lè dá igbe náà dúró mọ́. Ẹ́ńjìnnì bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ayùn dé orúnkún, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀. Pupa ni. Ó ń sun láti abẹ́ èékánná rẹ̀. Láàárín oró náà, ó rẹ́rìn-ín.

Ayùn kọjá itan, ó kọjá ìbàdí. Bó ṣe dé abẹ́ egungun ìhà ni ó pàdé ìṣó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kàn án síbẹ̀. Ó ti ṣa ìṣó gígùn jọ láti inú àlòkù irin ilé ìlagi fúnra rẹ̀, ó kàn wọ́n wọ inú igi àbúrò rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí apá ń ro ó, tí kò fi mọ oró ìṣó yàtọ̀ sí oró apá, ó fi èèpo àti ẹrẹ̀ bò wọ́n lójú. Ayùn já. Ó dún bí ìbọn. Ó fò gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ó nà tàntàn, ó gé òpó búkà sí méjì, ó sì gba ọwọ́ òsì Apọ́nyùn lọ láti ọrùn ọwọ́.

Ọwọ́ náà wà nínú èérún pákó, ìka rẹ̀ ṣì ń mì. Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ tú jáde lára Apọ́nyùn, ó ta sára ẹ́ńjìnnì, ó ta sójú Bàbá Ariwo. Àwọn lébìrà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àwọn mìíràn kò dúró títí wọ́n fi dé títì.

Bàbá Ariwo pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi di apá Apọ́nyùn le dan-in. Ó yíjú láti pe Etígi kó wá ràn án lọ́wọ́, ó sì rí i: láti abẹ́ ìhà lọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa, láti ibẹ̀ lọ sókè, oje funfun.

"Ọlọ́run mi o. Kí lèyí?"

Apọ́nyùn sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní gbólóhùn mẹ́rin, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó fi ojú júwe oòrùn fún un. Ó ti ń rọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Bàbá Ariwo jókòó sílẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, èyí tí ẹnìkan kò gbọ́ rí. "Ó lé ní ọdún márùn-ún," ó ní, "tí mo ti ń bú iwin níwájú iwin."

"Bàbá, ẹ dìde," ni Etígi wí. "Ẹ là mí tán."

"Jẹ́ kí n gbé ọkọ rẹ lọ sílé ìwòsàn ná."

"Mi ò lọ," ni Apọ́nyùn dáhùn. "Tí mo bá lọ, ó kú. Ayùn kejì wà nínú búkà, n kò tíì pọ́n in. Ẹ gbé e wá."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò lè pọ́n ayùn. Etígi ló wọ́ ara rẹ̀ jókòó tì í, tó gba fáìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọwọ́ iwin, ó lágbára. Apọ́nyùn fara ti òpó, ojú rẹ̀ ti funfun, ó ń darí rẹ̀: "Dà á sí ọ̀tún díẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó lọ fúnra ẹ̀. Ó ti mú, bọ́ sí èkejì." Bí obìnrin náà ṣe pọ́n eyín igba ó lé nìyẹn, èyí tí wọ́n fẹ́ fi la àyà rẹ̀. Bó ṣe parí eyín kan, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, ó ń rò ó bí yóò ṣe rí.

Ó wá ku àwọn ìṣó. Bàbá Ariwo mú òòlù, ó ń gbá ìtì náà láti àárín lọ sókè. Níbi tí irin wà, òòlù ń tì í wọlé sí i, Etígi á sì kígbe. Igbe náà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mẹ́fà ni. Bàbá Ariwo fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí wọn ká, ó gbé àáké, ó sì dúró.

"Ọmọ mi, mi ò lè fi àáké ṣá ẹ láyà."

"Igi lẹ̀ ń ṣá, Bàbá. Ẹ má wo ojú mi."

Kò wò ó. Ó ṣá igi náà títí ó fi hú márùn-ún jáde, Etígi sì ń bi oje lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ̀kẹfà wọlẹ̀ jù, ó wà nítòsí ọkàn. Nígbà tí ó jáde, Etígi dákú. Omi ni wọ́n fi jí i.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Oòrùn ti kan orí igi.

Ayùn gba inú àyà rẹ̀ wọlé. Kò sí igbe mọ́, èémí ti tán fún un. Bó ṣe dé ọrùn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó fi èjìká gbá Bàbá Ariwo sínú òkìtì pákó, ó fò sórí kẹ̀kẹ́ irin náà, ó dì mọ́ orí ìtì pẹ̀lú apá méjèèjì, ó ti ẹsẹ̀ mọ́ òpó. Kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ayùn ń yí lójú kan, ó ṣẹ́ kù ìwọ̀n apá kan.

"Ó ti tó!" ó ń kígbe. "Àbúrò mi, ó ti tó! Jẹ́ kí oòrùn wọ̀! Màá gbé ẹ lọ sílé, màá gbìn ẹ́, bóyá wàá tún hù!"

Apọ́nyùn fi ọwọ́ kan tó kù fà á lẹ́sẹ̀, ó dà bí ẹni ń fa ògiri. Bàbá Ariwo dìde, ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí rẹ̀, ó di irin tí wọ́n fi ń ti kẹ̀kẹ́ mú. Ó wo Etígi. Bí òun bá ti kẹ̀kẹ́ yẹn pẹ̀lú gbogbo agbára, yóò lọ. Ṣùgbọ́n apá ọkùnrin náà wà lójú ọ̀nà.

Etígi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ òjò kí ó tó rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

Kò gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ó mi orí, ó tún dì mọ́ ìtì náà sí i.

"Bàbá," ni Etígi wí, ó nawọ́ sí irin náà fún un, "ẹ tì í."

Bàbá Ariwo pa ojú dé, ó sì tì í. Ayùn la orí igi náà já, ó sì gba àárín apá iwin náà méjèèjì kọjá. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí. Oje funfun ló tú dà sára kẹ̀kẹ́, ọwọ́ méjì sì jábọ́ bí ẹ̀ka. Ìtì náà pín sí méjì, apá kan ṣubú sọ́tùn-ún, apá kan sósì. Oòrùn wọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ya jáde ní imú Etígi, ní etí rẹ̀, lójú ọgbẹ́ gbogbo tó ti gbà láyé iwin. Ó gbé orí sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lé e lórí, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pàdé. Ohun tí Etígi gbọ́ kò ju afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ewé lọ. Àwọ̀ ènìyàn tí ọkùnrin náà gbé wọ̀ wá ń bọ́ kúrò lára rẹ̀, ojú ènìyàn kò sì lè rí ohun tó kù: ara rẹ̀ ń ṣí lójú àbúrò rẹ̀, bí èéfín.

"Mi ò gbọ́," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ."

Bóyá ó tún un sọ. Bóyá èébú ni, bóyá ó dàbọ̀ ni. Nígbà tí Etígi fi máa ṣẹ́jú, kò rí nǹkan kan mọ́ àyàfi èérún pákó.

Bàbá Ariwo gbé àwọn méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀ pákó, ó sì fi ariwo lé gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì kúrò lọ́nà títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nọ́ọ̀sì ń rán Etígi, ó rán ẹsẹ̀, ó rán àyà, ó ń pòṣé.

"Ta ló ṣe ẹ báyìí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì padà sẹ́nu rírán rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Etígi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, eékún rẹ̀ ń lu ara wọn, irú rẹ̀ kò sì ṣe é rí láyé rẹ̀. Ó di aṣọ nọ́ọ̀sì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ikú nìyí? Ṣé ó ti dé?"

"Ikú kẹ̀? Òtútù ni." Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò ó. "Ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tó báyìí, òtútù á mú un. Ṣé òtútù ò mú ẹ rí ni?"

Láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì, Apọ́nyùn na ọwọ́ kan tó ní. Kò tó. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó pòṣé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi ìdí ti bẹ́ẹ̀dì náà títí ọwọ́ fi kan ọwọ́.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ?" Etígi bi í. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Èmi ò gbọ́ o. Afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́."

"Èmi náà," ni Etígi wí. Ojú rẹ̀ gbóná, omi iyọ̀ jáde níbẹ̀, ó ṣàn dé ẹnu rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa ṣàn. Ó sunkún fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì tú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, títí oorun fi gbé e lọ.